Búrẹ́dì onígi àti búrẹ́dì onígáàsì l'Óṣogbo

Ládùúgbò wa ní Òkè-Báálẹ̀, òórùn búrẹ́dì ti máa ń gba gbogbo àdúgbò kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Igi ni àwọn oníbúrẹ́dì fi ń dáná sínú ààrò wọn. Wọ́n á koná mọ́ ọn títí ògiri bíríkì á fi gbóná janjan, wọ́n á gbá ẹyin iná jáde, wọ́n á wá fi pátákó gígùn ti agolo búrẹ́dì wọlé. Ooru ara ògiri ló ń yan án, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa ń pọ́n dáadáa. Àwọn ìyá tó ń kiri á ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọpọ́n: "Bàbá, ẹ dá wa lóhùn o, ilẹ̀ ti mọ́!"

Ti onígáàsì mọ́ tónítóní, wọ́n ti gé e sínú ọ̀rá, nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì, torí wọ́n ti fòfin de potassium bromate tí àwọn kan fi ń mú búrẹ́dì wú. Èéfín igi náà kò sì dáa fún àyà àwọn tó ń dáná.

Síbẹ̀, tó bá di ti àkàrà gbígbóná, onígi ni tèmi. Èyí tí wọ́n gé máa ń rún tí òróró bá ti kàn án. Fún oúnjẹ iléèwé àwọn ọmọ, mo máa ń ra onínọ́ńbà.