Ṣóńṣó kékeré tó wà lábẹ́ àpótí ìsọdá títì

Nínú gbogbo ohun tó ń ran àwọn tí kò ríran lọ́wọ́ láti sọdá títì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣóńṣó kékeré abẹ́ àpótí bọ́tìnnì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ kó tó sọdá ni mo gbóríyìn fún jù. Bí iná ẹlẹ́sẹ̀ bá ti di aláwọ̀ ewé, yóò máa yí lábẹ́ ìka, débi pé ẹni tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn pàápàá yóò mọ̀ pé ó lè kọjá. Ìró tó ń sọ fúnni pé ká kọjá náà dára, ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà níbi tí ìsọdá méjì bá ti sún mọ́ra. Àléébù kan ṣoṣo ló dùn mí: ẹni tí a kò bá sọ fún kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.