Títọpa iṣẹ́ aṣojú AI: kó máa tọpa ara rẹ̀, àbí ká fọwọ́ kọ ọ́?

Ní Òṣogbo, ìlú aró, mo ṣe aṣojú AI kan fún àwọn tó ń ta àdìrẹ. Ó ń ka ìbéèrè oníbàárà, ó ń wo àkójọ ọjà, ó sì ń fèsì. Lọ́jọ́ kan, ó ní aṣọ tó ti tán ṣì wà nílẹ̀. Ibo ló ti ṣìnà? N kò lè sọ, torí n kò tọpa ìgbésẹ̀ rẹ̀ kankan.

Ọ̀nà kan ni ti OpenTelemetry, irinṣẹ́ fún títọpa iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 nígbà tí irinṣẹ́ méjì, OpenTracing àti OpenCensus, di ọ̀kan. Ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ óò fi àṣẹ opentelemetry-instrument ṣíwájú ètò yín. Bí ẹ bá ti fi àwọn àfikún rẹ̀ sí i, yóò máa kọ ìpè (ìbéèrè tí ètò yín ń fi ránṣẹ́) tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì àti sí dátábéèsì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kò ní fọwọ́ kan kóòdù yín. Ìrọ̀rùn ńlá ni! Àmọ́ ìpè ló ń rí: ó fi hàn mí pé dátábéèsì dáhùn, àti bó ṣe pẹ́ tó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fífọwọ́ kọ span, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ kan àti àkókò tó gbà, gba sùúrù, èèyàn sì lè gbàgbé ibì kan. Síbẹ̀, òun ló yọ mí. Mo kọ ohun tí aṣojú náà wá, èsì tó rí, àti ìdáhùn tó fún oníbàárà. Àṣé òfo ni èsì náà, AI wá fi àbá tirẹ̀ dí i!

Ní tèmi, ẹ fi ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ kọ ibi tí aṣojú ti ń ṣe ìpinnu. Ẹ má sì kọ nọ́ńbà fóònù oníbàárà síbẹ̀ o.