Natural History Museum, London: ẹ yà kí àwọn ará ilé wa àtijọ́

Ẹ̀yin ará London, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ wá lo họ́lídé, tẹ́ ẹ bá dé Natural History Museum ní South Kensington, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ wọ́ yín lọ sọ́dọ̀ dáínósọ̀ nìkan. Dáínósọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ bá wa tan! Ẹ yà síbi tí wọ́n ń pè ní Human Evolution, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí èèyàn ṣe di èèyàn, ibẹ̀ ni mọ̀lẹ́bí wà, ọ̀fẹ́ dẹ̀ ni.

Bàbá Neanderthal kan, irú èèyàn àtijọ́ tí ò sí mọ́, wà níbẹ̀ tó dúró níhòòhò goloto. Ère ni o, àwọn ìbejì ará Netherlands kan, Adrie àti Alfons Kennis, ló ṣe é, àmọ́ ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ wo egungun òkè ojú ẹ̀ tó yọ gọngọ àti imú ńlá yẹn. Mo ń sọ fún yín, tí wọ́n bá gé irun fún un tí wọ́n dẹ̀ da agbádá bò ó, tó bá wọ òde ìnáwó, wọ́n á gbé ìrẹsì fún un, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ọmọ ta ni. Àwọn baba ńlá àwọn òyìnbó kúkú bá àwọn Neanderthal fẹ́ra, nǹkan bíi 2% nínú DNA àwọn òyìnbó ṣì jẹ́ tiwọn títí dòní.

Ẹ wá Cheddar Man náà. Ọdún 1903 ni wọ́n rí egungun ẹ̀ nínú ihò kan ní Somerset, ó ti lò tó 10,000 ọdún. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA ẹ̀ wò, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n ní ó jọ pé ó dúdú, ojú ẹ̀ wá jẹ́ búlúù. Ará Britain àtijọ́, adúmáadán! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ sọ ti Ihò Eléérú fáwọn ọmọ, lẹ́bàá Àkúrẹ́ níbẹ̀ yẹn, níbi tí Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn òyìnbó kan, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti hú òkú kan jáde ní 1965. Ó tó bíi 13,000 ọdún, àmọ́ agbárí ẹ̀ rí bíi tàwọn tó ti gbáyé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ẹ̀. Chris Stringer, ọ̀mọ̀wé músíọ́ọ̀mù yìí gan-an, wà lára àwọn tó tún un yẹ̀ wò, ìwé wọn jáde ní 2011.

Ibi Human Evolution yẹn ò tóbi, wákàtí kan ti tó. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ o, torí táwọn ọmọ iléèwé bá ti gba họ́lídé, èrò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.