Àmàlà Gbígbóná àti Orin Ìyìn ní Mọ́kọ́lá

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023 ni ọjà ti wọ́n gógó n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta àmàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Mọ́kọ́lá kò jẹ́ kí ìnira náà hàn lójú rẹ̀. Àmàlà rẹ̀ kì í ní kókó, gbẹ̀gìrì rẹ̀ sì kúnná. Bí ó ti ń rokà lórí iná igi ló ń kọ orin ìyìn, tí àwa oníbàárà sì ń bá a gbè é. Mo máa ń rántí Pọ́ọ̀lù, ẹni tó kọ̀wé láti inú ìdè sí àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n máa yọ̀ nínú Olúwa. Bẹ́ǹṣì kò pọ̀, ẹ ó sì dúró díẹ̀ lọ́sàn-án.