Abo adìẹ mẹ́fà ni mo sanwó fún, ọ̀kan kọ

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra àwọn adìẹ mi. Àwọn adìẹ fúnra wọn, márùn-ún gbáko, àfi àkùkọ yẹn. Ti káfíńtà tó kan ilé wọn, a ó dé ibẹ̀.

Aránṣọ ni mí, ní Àpẹtẹ̀, Ìbàdàn. Ẹ̀yìnkùlé mi ò tóbi: kànga kan, okùn ìsáṣọ, igi ìbẹ́pẹ méjì. Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, nígbà tí owó ẹyin wọ́n débi pé mo ń ka ẹyin sínú ìkòkò bí ẹni ń ka owó èsúsú, mo ní kí n kúkú sin adìẹ. N kò sin nǹkan kan rí, ajá pàápàá. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ àti oògùn adìẹ, mo ní kí wọ́n fún mi ní Noiler ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ, abo mẹ́fà. ₦5,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Noiler yìí, Amo Hatchery ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ló mú irú rẹ̀ jáde, irú ẹ̀yìnkùlé tèmi yìí gan-an ló sì bá mu. Ó ń yé, ó tún lẹ́ran lára. Á jẹ eèrí, á jẹ ewé, á lé kòkòrò ká ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó ń yé tó àwọn agric inú kéèjì, kì í yé tó wọn. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Nínú mẹ́fà tí mo rà, àìsàn ò pa ìkankan.

Ìmọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù yẹn fi gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn kò kàn tajà kó gbowó. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má tíì fún wọn ní layers, oúnjẹ àwọn tó ti ń yé, o; growers ni, oúnjẹ àwọn tí kò tíì yé. Kálísíọ́mù inú layers ti pọ̀ jù fún ọmọdé adìẹ, á ba kíndìnrín wọn jẹ́." Ó bi mí irú omi tí mo ń lò. Mo ní kànga. Ó ní ìyẹn dáa, torí omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà sí máa ń pa agbára LaSota, àjẹsára tí à ń pò sómi fún wọn nítorí lúkúlúkú. Ó ní kí n gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí méjì, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, kí n tó gbé olóògùn kalẹ̀. Ó kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé fún mi, ó sì pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n má bàa gbàgbé. Èmi tí oníbàárà ń tìtorí gbèsè gba ẹ̀yìn ilé kọjá, mo mọ iyì kí ẹni tó ti gbowó tán tún máa pè yín.

Ìdí tí wọn ò fi gba márùn-ún ni pé mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá abo ni gbogbo wọn. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀." Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo jí ní ìdájí láti parí aṣọ ìyàwó kan, mo gbọ́ ohùn kan bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ló gun etí kànga, ó ń kọ! Látìgbà tí mo ti rà á ni ogbe rẹ̀ ti pọ́n ju tàwọn yòókù lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ki. Mo rí i, mo ṣe bí ó kàn sanra ni. Bẹ́ẹ̀ abo ò nílò akọ kó tó yé ẹyin tí èèyàn máa jẹ. Mo padà lọ bá wọn, wọ́n bẹ̀ mí, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Kí Iléyá tó dé, ó ti dọbẹ̀.

Káfíńtà wá. Igi rẹ̀ dáa, òrùlé rẹ̀ kò jò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣe sí i, àpò ìrẹsì ló lè gbà á kọjá. Kí n tó kó ẹyin, àfi kí n ká ìró sókè, kí n kúnlẹ̀, kí n tọrí bọlé bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Páànù tó fi bò ó ń gbóná lọ́sàn-án débi pé àwọn adìẹ ń yanu mí. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo wá tẹ́ lé e lórí. Ìràwọ̀ méjì. Tí ẹ bá gbéṣẹ́ fún káfíńtà tiyín, ẹ sọ fún un pé èèyàn náà máa wọbẹ̀.

Ohun tí wọn kì í tà ní ṣọ́ọ̀bù ni bí adìẹ ṣe ń mọ èèyàn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo tì wọ́n mọ́lé kí wọ́n lè mọ ibẹ̀ sílé. Lọ́jọ́ tí mo tú wọn sílẹ̀, wọ́n fọ́n ká. Ọ̀kan lọ bà lé okùn ìsáṣọ, lórí léèsì oníbàárà tí mo sá. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, èmi tí léèsì ọlọ́léèsì wà lọ́rùn mi, ara mi ò balẹ̀ rárá. Mo ń sáré tẹ̀lé wọn, mo ń nawọ́ sí wọn láti òkè. Ìyá Ìbejì ojúlé kejì ló ní, "Àǹtí, àwòdì lẹ̀ ń ṣe yẹn o. Òkè ni ikú adìẹ ti ń wá."

Láti ọjọ́ yẹn, nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbé àpótí síta, kí n máa ṣẹ́ etí aṣọ, kí n gbé ọwọ́ kan tí àgbàdo wà nínú rẹ̀ kanlẹ̀, n kì í wò wọ́n. Ọjọ́ kọkànlá ni èyí aláwọ̀ eérú tó wá. Ó fi ojú kan wò mí, ó yí orí, ó fi ojú kejì wò mí, ó wá ṣá ẹyọ kan nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló ṣá téèpù tó wà lọ́rùn mi. Bóyá ó rò pé ekòló ni.

Àṣìṣe tèmi náà nìyí: àjákù aṣọ ni mo tẹ́ sínú ìtẹ́ wọn, ó kúkú pọ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan mo rí Eléérú tó ń tiro. Òwú ti wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti jẹ wọ awọ, ìka náà ti wú. Mo dúró di alẹ́ tí wọ́n ti wọ̀, torí adìẹ kì í ríran nínú òkùnkùn, mo gbé e sórí itan, mo fi aṣọ bò ó lójú, mo wá fi àlùmọ́gàjí kékeré tí mo fi ń já òwú gé e díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Àyà rẹ̀ ń lù lórí itan mi bí máṣíìnì tí wọ́n tẹ̀ já. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn náà, kò sún mọ́ mi. Koríko gbígbẹ ni mo ń tẹ́ fún wọn báyìí.

Ní ìparí oṣù kẹfà, bí mo bá fọwọ́ kan Eléérú lẹ́yìn, á ba mọ́lẹ̀, á ya apá méjèèjì díẹ̀. Mo rò pé àìsàn ni, mo pe ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ó ti di àgbébọ̀ nìyẹn, ó fẹ́ yé. Ẹ wá ra layers." Lọ́jọ́ kẹrin, ẹyin kékeré kan, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lára èèpo rẹ̀.

Márùn-ún tó kù ń yé mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin, lójúmọ́. Àpò layers 25kg tí mo ń rà ní ₦17,000 ń gbé wọn fún bí ogójì ọjọ́, wọ́n á ti fún mi ní nǹkan bíi kíréètì mẹ́rin kó tó tán. Ẹ fi kíréètì kan sí ₦5,500, ẹ ṣírò rẹ̀. Èrè rẹ̀ ò ju owó ìránṣọ bùbá kan lọ, n kò sì tíì ka owó káfíńtà mọ́ ọn.

Lóṣù tó kọjá mo padà lọ ra mẹ́rin sí i ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi yàn wọ́n, mo wo ogbe, mo wo ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ní, "Mọ́mì, ẹ ti di dókítà adìẹ." Mo ní kó yéé pọ́n mi lé, kó yọ ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí àkùkọ ọjọ́sí. Ó yọ ọ́. Ẹ bá mi fi ìdajì ìràwọ̀ kún tiwọn.