Ilé Táko Kan Lẹ́bàá Bissonnet: Àgbàdo, Ṣàkì àti Bíà Tútù

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí èmi àti ìyàwó mi ti ń jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò kan tó wà lẹ́bàá òpópónà Bissonnet, ní apá ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí nínú ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ló wà, tábìlì rẹ̀ kò ju méjìlá lọ, kò sì sí ẹni tó ń wo irú aṣọ tí ènìyàn wọ̀ wá. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa oúnjẹ àti bíà wọn ní kíkún, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn wa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà, láì mọ̀ pé oúnjẹ tó bá ọ̀fun Yorùbá mu wà nínú ilé kékeré yẹn.

Àbúrò ìyàwó mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, ló jẹ́ kí n tún ojú wo oúnjẹ náà dáadáa. Nígbà tí a mú un lọ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó wo táko mẹ́ta, ìyẹn ẹran tí wọ́n fi àgbàdo pẹlẹbẹ ká, tó wà nínú àwo rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé èyí á yó ènìyàn báyìí?" Mo ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ro ata pupa lé e lórí, ó ká a, ó sì jẹ ẹ́. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, lẹ́yìn èyí ló tó béèrè irú ẹran tó wà nínú èyí àárín. Ahọ́n màlúù ni. Ó ní kí n bá òun béèrè méjì sí i.

Tortilla, ìyẹn àgbàdo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ká ẹran, ni ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ní irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí kò bá dára, kò sí ẹran tàbí ata tó lè gba oúnjẹ náà sílẹ̀. Ní ilé yìí, ojú wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá àgbà kan wà nídìí iná tó máa ń bu àgbàdo pípò tó tó ẹyin adìyẹ, á yí i roboto ní àtẹ́lẹwọ́, á fi láílọ́ọ̀nù tẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, á sì fi ẹ̀rọ onígi kékeré kan tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fẹ̀. Bó bá ti gbé e sórí irin gbígbóná, kì í lo ṣíbí rárá. Ìka rẹ̀ ló fi ń yí i padà. Ìgbà tó bá yí i lẹ́ẹ̀kejì, àárín rẹ̀ á rọra wú sókè bí ẹni pé ó ń mí, òórùn àgbàdo sísun á sì gba gbogbo ilé kan. Ẹni tó bá ti dúró ti alágbàdo lẹ́bàá títì nígbà òjò mọ òórùn tí mò ń wí.

Wọn kì í kàn lọ àgbàdo náà lásán. Wọ́n á sè é nínú omi tí wọ́n po ẹfun kan tí wọ́n ń pè ní cal mọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á ṣan èèpo rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí cal ń ṣe níbẹ̀ fara jọ èyí tí kán-ún ń ṣe fún wa nínú ìkòkò: ó ń tú èèpo àgbàdo, ó ń jẹ́ kí ó fà mọ́ra nígbà tí wọ́n bá ń pò ó, ó sì ń tú fítámì B3 tó há sínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ara lè rí i lò. Àwọn tó gba àgbàdo lọ́wọ́ ará Mẹ́síkò láì gba ọgbọ́n yìí mọ́ ọn, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní oúnjẹ mìíràn, irú bí àwọn tálákà àríwá Ítálì àti ti gúúsù Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ni àìsàn tí àìtó fítámì yìí ń fà, tí wọ́n ń pè ní pellagra, bá fínra. Àwa náà gba àgbàdo lọ́wọ́ àwọn ará Mẹ́síkò. Ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn, láti ara koríko kan tó ń jẹ́ teosinte, ẹ̀yìn ọdún 1500 ni ó sì tó dé etíkun wa, ní àkókò tí àwọn Potogí ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ibẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà lò ó ló yàtọ̀: àwọn fi ẹfun sè é, àwa rẹ ẹ́ kí ó kan, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, ó di ògì. Nígbà tí wọ́n bá gbé tamal, ìyẹn àgbàdo pípò tí wọ́n dì sè, wá, tí ènìyàn sì tú u kúrò nínú èèpo àgbàdo tí wọ́n fi dì í, ẹ̀kọ àti àbàrí ni ọkàn máa ń lọ sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń se menudo, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ọbẹ̀ yìí gan-an ló mú mi kọ èyí. Ṣàkì ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ màlúù, tí wọ́n sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ata pupa gbígbẹ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Àgbàdo bíbó tó ti là bí òdòdó kún inú rẹ̀, ẹ̀gbo ni mo sì ń pè é, nítorí pé n kò rí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́. Ìyàwó mi, ẹni tó dàgbà sí Abẹ́òkúta, kì í gbà pé ẹnikẹ́ni lè fọ ṣàkì mọ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gbé imú sún mọ́ abọ́ náà dáadáa kí ó tó ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ó mọ́. Kò sí òórùn kankan lára rẹ̀ àfi ti ata àti ti ewé oregano tí wọ́n fún ká a lórí. Ṣàkì náà rọ̀, síbẹ̀ eyín ṣì ń rí nǹkan ṣe sí i. Abọ́ ńlá kan jẹ́ dọ́là 13, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́ àti tortilla mẹ́rin, kò sì sí èyí tó dá jẹ ẹ́ tán nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi mú gbogbo ohun tí àwa ń pè ní orísirísi. Lengua ni ahọ́n, cabeza ni ẹran orí, tripas sì ni ìfun tí wọ́n sun títí etí rẹ̀ fi gbẹ tó ń dún lẹ́nu. Dọ́là 3 ni táko kọ̀ọ̀kan. Ẹran igbáàyà adìyẹ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ jù, n kò sì lè rọ ẹnikẹ́ni láti rà á.

Al pastor, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe táko, ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn tó ṣí wá láti Lẹ́bánónì àti agbègbè rẹ̀ ló mú ọ̀nà sísun ẹran lórí irin tó dúró ṣánṣán dé Mẹ́síkò, pàápàá ìlú Puebla, ní ọ̀rúndún tó kọjá. Àwọn onílé wá fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rọ́pò ti àgùntàn, wọ́n fi ata pupa pa á lára, wọ́n sì gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó lé e lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ṣàwámà ti mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n máa ń tan iná sí irin náà, ẹran tí ọ̀bẹ gé wálẹ̀ á jóná díẹ̀ létí, ọ̀pẹ̀ òyìnbó á sì tu ọ̀rá rẹ̀ lójú. Láàárín ọ̀sẹ̀, orí irin pẹlẹbẹ lásán ni wọ́n ti ń dín in, kò sì rí bákan náà rárá. Ẹ má rà á ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ata méjì ló ń wà lórí tábìlì, pupa àti àwọ̀ ewé. Kò sí èyí tó ta tó fún wa nínú méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí àwọ̀ ewé ní ìkan kan tó bá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mu gan-an. Èyí tó yẹ kí ẹ béèrè ni ata habanero tí wọ́n ń tọ́jú sí ẹ̀yìn káńtà, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ata rodo. Ọlọ́jà náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tí òun náà sì máa ń pe ìyàwó mi ní mija, ìyẹn ọmọ mi, kì í dúró kí a béèrè mọ́ kó tó gbé e wá. Ẹ̀wà lílọ̀ wọn kúnná, ó sì dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi dín in, òun náà ni wọ́n sì fi po tamal. Kí àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ará ìjọ tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú. Ẹ̀wà tí wọ́n fi omi sè lásán wà, wọn kì í sì í fi pamọ́ fún ẹni tó bá béèrè.

Ní ti bíà, ọwọ́ àwọn ará Jámánì àti Austria hàn kedere nínú bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n ní Mẹ́síkò. Ọmọ Jámánì kan, Wilhelm Hasse, ló pọn Dos Equis ní 1897, ó sì fi àmì XX sí i láti fi kí ọ̀rúndún ogún káàbọ̀. Negra Modelo ni ààyò mi. Irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń pọn ní Vienna ni, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ní adùn kékeré kan bí ìgbà tí ṣúgà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jó nínú ìkòkò, èyí tó jẹ́ kí ó bá al pastor àti menudo lọ ju èyíkéyìí lọ. Ẹni tí Star ti mọ́ lára ní ilé yóò fẹ́ràn Modelo Especial, ọtí tí owó tí wọ́n ń pa lórí rẹ̀ ní ilé ìtajà Amẹ́ríkà ti borí ti gbogbo bíà yòókù ní 2023. Ẹni tó jẹ́ pé Guinness ló ń mu, kí ó má retí ìkorò yẹn níbí. Negra Modelo dúdú lójú ju bó ṣe wúwo lẹ́nu lọ. N kì í sábà mu Corona, nítorí pé ìgò rẹ̀ mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń tètè ba òórùn bíà tó wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Dọ́là 5 ni ìgò kan. Inú omi yìnyín ni wọ́n ti ń yọ ọ́, omi á máa ṣàn lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀, wọ́n á sì gbé ife tí òun náà ti tutù nini tẹ̀ lé e. Mo ti jẹun ní ibi tó tóbi jù èyí lọ ní ìlú yìí tí wọ́n ti gbé bíà lọ́wọ́ọ́wọ́ fún mi, nítorí náà ohun kékeré kọ́ ni èyí lójú mi. Wọ́n tún ń ṣe michelada, dọ́là 9, èyí tí àbúrò ìyàwó mi kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni: bíà tí wọ́n po omi ọsàn wẹ́wẹ́, ata àti Maggi olómi mọ́, tí wọ́n sì fi iyọ̀ àti ata gígún yí etí ife rẹ̀ ká. Ó ní, "Maggi kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Nínú ọtí?" Bẹ́ẹ̀ ni, Maggi gan-an ni, bó sì ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Mẹ́síkò nìyẹn. Ní ọ̀sán Houston nínú oṣù Keje, tí ooru ń mú bí iná, n kò mọ ohun mímu tó ń pa òùngbẹ bí i. Tejuino, ọtí àgbàdo tiwọn tó jẹ́ ẹbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa, ni mo ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Mo ti bá Màmá sọ ọ́, ó ní òun yóò gbìyànjú.

Fún ẹni tí kì í mu ọtí, jamaica tí wọ́n ń tà kì í ṣe nǹkan mìíràn ju sóbò lọ, ewéko ìṣápá pupa kan náà ni, àfi pé wọn kì í fi atalẹ̀ sí i. Horchata jẹ́ omi ìrẹsì tí wọ́n fi sínámọ́ọ̀nù sí. Ní Valencia, ní Sípéènì tí orúkọ náà ti wá, imumu ni wọ́n fi ń ṣe é títí di òní. Ti ilé yìí ti dùn jù fún mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kì í fi sílẹ̀.

Àwọn àléébù tí mo rí kò fara sin. Alẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ariwo kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ, oúnjẹ sì lè pẹ́ tó ogójì ìṣẹ́jú. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kan, wọ́n gbé tortilla inú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n rà wá fún wa, tó gbẹ tó sì ń ya lọ́wọ́, láì sọ fún wa. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé tortilla yẹn ni mo ń torí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, kò jiyàn. Ó ní ìyá àgbà ìdí iná ló ṣàìsàn, Màmá sì dá owó táko wa padà. Láti ìgbà náà, mo máa ń yọjú wo ìdí iná kí n tó jókòó. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kò tó rárá, ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ló rọrùn jù.

Kí ẹni tó bá fẹ́ mu bíà pẹ̀lú menudo ní ọjọ́ Àìkú mọ̀ pé òfin Texas kò gba ilé oúnjẹ láyè láti ta á kí aago 10 òwúrọ̀ tó lù, àti pé láàárín aago 10 sí 12 ọ̀sán, àfi bí oúnjẹ bá bá a rìn. Àwa máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé níbẹ̀ ní nǹkan bí aago kan, ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì ti bá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ìyàwó mi ti wá ní kí a yí i padà sí ọjọ́ Àbámẹ́ta: aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, kí aago mẹ́wàá tó lù, ṣàkì ṣì pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa.