Owó ìrànwọ́ àbí owó olùdókòwò fún akoto tó gba láwàní?

Ẹni tó fẹ́ ṣe akoto ààbò ibi iṣẹ́ tí yóò gba láwàní, híjáàbù tàbí fìlà rírọ̀ tí aláìsàn jẹjẹrẹ ń dé nígbà tí irun rẹ̀ bá re, yóò bi ara rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ta ni kí òun ti wá owó.

Owó ìrànwọ́ kì í ṣe gbèsè, kò sì gba ìpín lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ti olùdókòwò lè yá díẹ̀, àmọ́ èrè ló ń wá, ó sì lè ní kí a yọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ nítorí pé wọn kò pọ̀; èyí ló ń dùn mí jù.

Àyẹ̀wò ló ń jẹ owó. Lábẹ́ EN 397, ìlànà Yúróòpù fún akoto ibi iṣẹ́, irin kìlógíráàmù 5 ni wọn yóò jù lu akoto láti òkè mítà 1, agbára tó bá dé orí kò sì gbọdọ̀ ju kílónútìnnì 5 lọ. Aṣọ tó nípọn lábẹ́ akoto lè yí bí ó ṣe jókòó padà, nítorí náà èyí tí a kọ́kọ́ ṣe lè má yege.

Bí a bá ṣì ń dán an wò, owó ìrànwọ́ ló bá a mu. Bí ó bá ti yege, tí àwọn iléeṣẹ́ ìkọ́lé sì ń béèrè rẹ̀, olùdókòwò ló lè ra ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe é lọ́pọ̀.